Iṣu Ìkórè Màmá Mi

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ní ẹ fẹ́ fi mí ṣe Bàbá Ìkórè ọdún yìí. Kí ẹ tó gbé àga mi síwájú, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógún. Èmi Japhet Ayọ̀rìndé tí ẹ ń pè ní ọmọlúàbí, olè ni mí, mo sì tún jẹ́ ẹlẹ́rìí èké.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ kí Ọ̀gá Olúwadáre ní Ìlọ́fà. Àwọn ló kọ́ wa ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé-ìwé girama, wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí. "Japhet, ọ kú abọ̀ o! Ará ulé ńkọ́?" Inú wọn dùn. Wọ́n ròyìn ilé-ìwé wa fún mi: wọ́n ti mọ ògiri yí i ká, wọ́n ti gé igi máńgòrò wa, wọ́n fi yàrá kọ̀ǹpútà tí kò ní iná rọ́pò rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo wá bèèrè oko ilé-ìwé. "Oko kẹ̀? Láti ùgbà tí Sulaiman ti jí uṣu wú, wọn kò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Inú ìwé ni wọ́n ti ń rí ebè." Mo ti abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ yìí rántí màmá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Opó ni wọ́n. Lọ́dọọdún, iṣu wẹ́wẹ́ méjì ni wọ́n ń gbé wá síbi ìkórè, wọn a sì lọ jókòó lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ojú ń tì mí. Ọ̀gá sì ti kọ́ wa bí a ṣe ń gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, kí a dá erùpẹ̀ padà, kí orí náà lè ta èèbù. Ìtàkùn kò ní rọ, ẹni tó ń kọjá kò ní mọ̀ pé iṣu ti lọ. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá kọ́ mi ni mo fi ja ọ̀gá lólè. Ebè mẹ́jọ ni mo tú ní oko ilé-ìwé. Mo parọ́ fún màmá pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìdọ̀fin ló fi ránṣẹ́. Màmá jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, Ọ̀gá Olúwadáre fúnra wọn sì pariwo Halelúyà.

Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò dé láti Ìlọrin, ọ̀gá fi ìyangàn mú wọn lọ sí oko. Wọ́n tú ebè àkọ́kọ́, òfìfo. Wọ́n tú èkejì, òfìfo. Sulaiman ni olórí oko, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń mu gààrí nínú abọ́ kan. Ọ̀gá àgbà bèèrè pé, "Ta ló rí olè náà?" Ẹ gbọ́ ibi tí mo burú dé: mo nawọ́. Mo ní mo rí Sulaiman tó gbé àpò iṣu. Sulaiman wò mí, ó ní, "Japhet, èmi?" Ó yíjú sí ọ̀gá, ó bura. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tí wọ́n fi nà án. Wọ́n lé e, kò sì padà sí ilé-ìwé kankan mọ́.

Gbogbo èyí ni mo kúnlẹ̀ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú mi. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi nà á. Ó bura, n kò gbọ́." Wọ́n mú fìlà wọn. "Èmi nìkan kọ́ ni ọ ṣẹ̀, Japhet. Dìde, jẹ́ á lọ bá a."

A bá Sulaiman ní Ọ̀bbò-Ayégúnlẹ̀, níbi tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọ̀gá ṣí fìlà, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré dì wọ́n mú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó nu ọwọ́ sí àkísà. "Nítorí Màmá ni? Bí ọ bá bèèrè lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá fi ebè tèmi kún un."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe aláìní, ẹ bèèrè. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ wá Bàbá Ìkórè mìíràn. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀yìn ni n ó jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí màmá mi máa ń jókòó.