Iná Ẹ̀yìn Tírélà Gafar

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti bàjẹ́, dókítà ò sì fi bò fún mi. Gafar awakọ̀ tírélà tó wà lẹ́wọ̀n, kò jẹ̀bi. Èmi Tàófíìkì, rìwáyà tó ń so iná ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, èmi ni mo jẹ̀bi.

Bátìrì méjì ni tírélà ń lò, agbára rẹ̀ pọ̀. Iná LED ò nílò tó bẹ́ẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó yó. Gbogbo ohun tí o bá rọ́ sí i ló máa gbé mì títí á fi jóná. Rẹsísítọ̀, nǹkan kékeré tó ń dín agbára iná kù, ló ń dá a lẹ́kun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Ṣùgbọ́n iná tó ń fọ́jú làwọn awakọ̀ ń fẹ́. Tí mo bá fi rẹsísítọ̀ tó tó sí i, wọ́n á ní, "Iná ilé òkú rèé?" Bí mo ṣe ń fi èyí tó kéré sí i nìyẹn. Á tàn yòò fọ́jọ́ mélòó kan, wọ́n á máa kí mi ní "Baba Iná!" Ejike tí mo kọ́ níṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, e go burn o." Mo ní kó lọ jókòó.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo so iná ẹ̀yìn fún Gafar. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó wà lórí ìlà àwọn tírélà ní èbúté Tin Can, ilẹ̀ ń ṣú, iná náà sì jó kú. Destiny, ọlọ́kadà Ajégúnlẹ̀, kò rí ìdí tírélà. Ó kọlù ú, ó kú lójú ẹsẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé òkú, èmi ń tú iná. Èmi ọ̀dájú! Mo sọ ọ́ sí gọ́tà kí ọlọ́pàá tó dé, kí wọ́n má baà rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n dé, Gafar di aṣọ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn, ṣebí ẹ so iná fún mi!"

Mo ní, "Mo so ó o, n ò mọ ibi tó wọlé sí."

Ọlọ́pàá ní Gafar fúnra ẹ̀ ló tú iná náà tà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n jù ú sí.

Sàlímọ́tù ìyàwó ẹ̀ rò pé ṣe ni mo jẹ́rìí gbè é. Ó gbé ẹran iléyá wá fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ṣàdúà, kí Ọlọ́run tú àṣírí olè tó jí iná yẹn." Mo ṣe àmín. Mo sì jẹ ẹran náà tán.

Ejike, gbé ìwé yìí fún lọ́yà Gafar. Ẹ̀yin rìwáyà, ẹ má torí oríyìn dín rẹsísítọ̀ kù. Gafar, n ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Kọ́kọ́ délé ná.