Kò Sóhun Tó Ṣe Etí Bàbá Ìyàwó Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá ìyàwó mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fi iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé lórin sílẹ̀, nítorí etí òun ti di. Irọ́ mi ló dí i. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti pa irọ́ náà.

Spíkà ni mo ń kàn ní Ìdímù, mo sì mọ̀ ọ́n kàn. Ẹ bi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun léèrè láti Egbeda dé Igando.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ọmọ Èkìtì. Ẹ̀rọ orin olówó ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú spíkà méjì tó ga dé ìbàdí. Nígbà tí spíkà tí mo kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì kan jó, tí ìkórè wọn ku ọ̀la, Bàbá ti lọ sílé l'Ékìtì. Mo tú spíkà rẹ̀, mo yọ ohun rìbìtì inú rẹ̀ tó ń mú ohùn jáde, mo gbé e sínú ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fi èyí tó jẹ́ yẹpẹrẹ dí àyè rẹ̀. Mo ní lẹ́yìn ìkórè màá dá a padà. Mi ò dá a padà, torí ìyìn ń wọlé fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo rò ni pé àgbàlagbà ò ní mọ ìyàtọ̀. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, fóònù àti íapíìsì ti tó wọn. Ta ló tún fẹ́ jókòó síwájú spíkà?

Bàbá dé, ó fi àwo orin sí i, kò dún létí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ó lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní etí rẹ̀ dára. Tómi ọmọ mi, ọmọ ọdún méjìdínlógún, jókòó tì í, ó gbọ́ orin kan ṣoṣo.

"Bàbá àgbà, etí yín kọ́," ló wí. "Spíkà ni jàre. Ìró ìsàlẹ̀ yẹn ò sí mọ́."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbogbo Sátidé ni Tómi ń lọ gbọ́ orin níbẹ̀, tó tún ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kí n wá dá ẹjọ́ náà, torí èmi ni ọ̀gá nídìí spíkà. Mo gbá àpótí spíkà náà níhìn-ín, mo gbá a lọ́hùn-ún.

"Kò sóhun tó ṣe é, sà," ni mo wí. "Ara àgbà ni."

Bàbá gbà mí gbọ́ ju dókítà lọ. Láti ìgbà náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló kàn máa ń rín, kò ní dá sí i. Ó dùn mí gan-an.

Mo ti gba nǹkan rìbìtì náà padà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lè dè é padà sínú spíkà nígbà tí Bàbá bá jáde, kó rò pé Ọlọ́run la etí òun. Á jẹ́rìí, ìjọ á bá a jó, kò sẹ́ni tó máa fura. Àfi Tómi. Lánàá ló ní kí n yá òun ní sukurudíráfà, ó ń wò mí lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ spíkà tún ṣe. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà tí ènìyàn sọ di adití. Ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, Bàbá ni àbí ọmọ tí mo bí?