Òjò Tí Mo Ní Kó Má Rọ̀

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún òjò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé.

Ẹ mọ bàbá Ìbùkún, ẹni tó jẹ́ ọkọ mi tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ àpá tó fi bẹ́líìtì dá sẹ́yìn ọmọ kékeré yìí. Nígbà tí a kọ ara wa sílẹ̀, kóòtù ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kí bàbá máa wá rí i ní Sátidé, níbi tí èrò bá wà. Há! Tó bá ti di Fúráìdé, Ìbùkún kì í jẹun mọ́.

Mo ní kó máa wá bá wa níbi tí a ti ń yan gàrí ní Lálúpọn. Alhaja ni olórí wa níbẹ̀, òfin wọn sì ni pé àlejò kì í káwọ́ gbera. Tóo bá wọlé, wàá ṣiṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo gbàdúrà kí òjò má rọ̀, kí igi wa lè gbẹ. Òjò rọ̀! Mo bínú sí Ọlọ́run, kí n má purọ́. Igi tutù, èéfín gba gbogbo ilé. Ìgbà náà ni bàbá Ìbùkún dé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn. Alhaja ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ wa. Ẹ gba igbá, ẹ bá wa ro gàrí." A ò fún un lọ́bẹ kó bẹ ẹ̀gẹ́ o, a ò ya wèrè!

A ò mọ̀ pé ó ti fi ọlọ́kadà kan pamọ́ sẹ́yìn ilé, pé ọmọ ló fẹ́ gbé sá lọ. Bó ṣe ń yọ́ sún mọ́ Ìbùkún, èéfín kọ lù ú. Omijé ń dà, kò lè lajú mọ́. Ìbùkún sá sẹ́yìn mi. Ọkùnrin yìí nawọ́, ó gbá ọwọ́ kan mú, ó ń wọ́ ọ lọ síta. Ọwọ́ Alhaja ni! Ó fà á títí, Alhaja ò mì. Wọ́n kàn ní, "Ibo là ń lọ, ọkọ mi? Mi ò tíì sọ fún Alhaji."

Yéè! Ariwo wa ló mú ọlọ́kadà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́wọ́ pé gáréèjì mọ́tò Kánò ni wọ́n ní kí òun gbé bàbá àtọmọ lọ. Mo gbá Ìbùkún mọ́ra. Ọlọ́kadà àti gbogbo wa la lọ jẹ́rìí ní kóòtù, adájọ́ sì ti ní kí bàbá Ìbùkún má wá mọ́.

Gàrí tó ń rò lọ́jọ́ náà jóná, a ò rí i tà. Òun ni mo fi tẹ ẹ̀bà ní Fúráìdé tó kọjá yìí. Ìbùkún jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bù sí i."

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Alhaja ló wà lẹ́yìn yẹn, wọ́n bá mi wá. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ na ọwọ́ yẹn sókè kí ìjọ rí i!