Ikọ́ Pápá ní Ilé Ìtẹ̀wé Òkèsà

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ti pa ilé ìwé tì, ṣé ẹ mọ ibi tí èmi bàbá yín àgbà ti ń ṣiṣẹ́? Ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkèsà, níbí ní Iléṣà. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yín yìí o. Lẹ́tà òjé kéékèèké, lẹ́tà igi ńláńlá, ọwọ́ la fi ń tò wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan… Bísí, jókòó dáadáa. Ìwọ tí o fẹ́ fi iṣẹ́ Òṣogbo sílẹ̀ torí àṣìṣe tí ọ̀gá rẹ kò tíì mọ̀, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Àwọn ìyókù, ẹ kàn máa gbọ́.

Pápá là ń pe ọ̀gá wa. Kò na ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, á ní, “Ẹni tó bá ba iṣẹ́ mi jẹ́, kó má dúró gbọ́ ohùn mi.” Á wá húkọ́: húù-hùn! Ẹ gbọ́, tí Pápá bá húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo orí á wọlẹ̀. Èmi wá kọ́ ikọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n hú ju Pápá lọ! Màá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn… húù-hùn! Lẹ́tà á já bọ́ lọ́wọ́ Délé, á fọ́n káàkiri ilẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á mú ẹ!”

Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Délé yìí, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, òun ló ń to lẹ́tà. Òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń kẹ́yìn lọ. Àwọn èèyàn ní, “Délé mà fẹ́ràn iṣẹ́ o!” Ìfẹ́ wo? Ẹ̀rù ni. Ara rẹ̀ wà ní Òkèsà, ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́.

Lọ́jọ́ kan, a tẹ kàlẹ́ńdà fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ kan ní Òṣú. Wọ́n ń bọ̀ wá kó o lọ́sàn-án. Mo gbé ọ̀kan, mo wo àkọlé: EGBE AWỌN IYA. Ẹ ò rí i? Kò sí àmì lábẹ́ E! Mo pariwo: “Yéè! Ègbé àwọn ìyá! Délé, o ti ṣépè fún àwọn ìyá ìjọ!”

N kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Délé ti ń di aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì.

“Níbo lò ń lọ?”

“Iwaraja. Màá wọ mọ́tò Àkúrẹ́ níbẹ̀.”

Mo sáré gba ẹ̀yìn lọ bu omi tútù fún un. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo gbọ́ ọ: húù-hùn! Délé rò pé èmi ni. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ìwọ aláwàdà, fi mí sílẹ̀! Lẹ́tà Ẹ ńlá ló tán nínú àpótí, E lásán ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Láti àná ni mo ti fẹ́ sọ fún Pápá, ẹnu mi kò gbà á. Mo fẹ́ràn ibí yìí, ṣùgbọ́n n kò lè gbọ́ ikọ́ bàbá yẹn lónìí!”

Pápá fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Há! Mo rọra gbé omi sílẹ̀… Pápá gbé kàlẹ́ńdà, ó kà á. Ó jókòó.

“Délé, ṣé ikọ́ mi burú tó báyẹn?”

Délé gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó dáa. Ẹ mú gègé àti tàdáwà wá.”

Òun ló kọ́kọ́ fi àmì sábẹ́ E. Gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ààrẹ àwọn ìyá dé, tàdáwà kò tíì gbẹ tán. Màmá fi ìka kàn án. “Ta ló ṣe èyí?”

Mo wo Délé. Délé wo ilẹ̀. Pápá ní, “Àwa ni, Màmá. Lẹ́tà wa ló tán.”

Màmá wo ọwọ́ wa tó dúdú kirikiri, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọwọ́ yín náà lẹ fi yọ wá nínú ègbé!”

Láti ọjọ́ náà, Délé kì í kọ́kọ́ dé mọ́. Ìgbà tí a bá dé lòun náà ń dé. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì í, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ dé títì: “Pápá, mo ti ṣì í o!” Ibẹ̀ ló wà títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìwé ìgbéyàwó ta ni a kò tẹ̀ ní Iléṣà nígbà náà? Tí mo bá rí iṣẹ́ wa lára ògiri ẹnikẹ́ni dòní, àyà mi á yọ síwájú.

Ayé tiyín… ẹ̀yin á fi fóònù kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá tó jí. Bísí, bóyá ọ̀gá tìrẹ kò dà bíi Pápá. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un. Tó bá ní kó o máa lọ, ó tán. Má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rù nìkan ló lé ẹ jáde.

Ó yá, pè é. Màá jókòó tì ẹ́. Tí ẹnu rẹ bá wúwo… màá húkọ́.