Ihò Onígun Mẹ́rin Lára Àjà Ilé Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìyàwó mi ló yẹ kí n sọ ọ́ fún, n kò sì sọ ọ́ títí ó fi kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, ọmọ mi ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á.

Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké, tó ń bá àwọn onílé bójú tó ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, Ring Road, títí dé Challenge. Ní ọdún tó tẹ̀lé ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba padà, ìwé wá láti Èkó pé kí a yẹ gbogbo ilé wọ̀nyí wò nítorí asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ mọ̀ ọ́n, pátákó funfun líle bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe àjà ọ̀pọ̀ ilé wa. Ìwé náà ní bí ó bá ń fọ́, tàbí tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣètò ọjọ́ àyẹ̀wò. Ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Mo máa ń kọ̀wé sí onílé ṣáájú, àwọn ayálégbé á ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan, ẹnjiníà wa á gé díẹ̀ lára àjà, á dì í sínú àpòòwé, a ó sì fi ránṣẹ́ sí Èkó. Onílé tó bá ní ìdí lè sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, káàdì rẹ̀ á lọ sórí tábìlì ọ̀gá àgbà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ Ṣakí bíi tirẹ̀, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ring Road, tí wọ́n fi pátákó funfun yẹn ṣe gbogbo àjà rẹ̀. Òun ló dúró bíi bàbá nígbà tí mo fẹ́ àbúrò rẹ̀. Òun náà ló fún un ní yàrá kan lókè pátápátá nínú ilé yẹn, níbi tí ìyàwó mi ti ń ránṣọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà tán.

Nígbà tí ìwé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wá bá mi nílé ní Bódìjà. Kò bínú. Ó ní ìwé tí mo kọ sí òun gùn ju èyí tí mo kọ nígbà tí mo ń tọrọ ìyàwó lọ. Ó wá ṣàlàyé pé ilé ìfowópamọ́ kan fẹ́ gba ìsàlẹ̀ ilé òun, pé bí wọ́n bá rí àwọn tó fi aṣọ bo imú tí wọ́n ń gé àjà, wọn ò ní padà wá. Mo sún ọjọ́ síwájú. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo tún sún un.

Nígbà kẹta, èmi ni mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àna, nígbà tẹ́ ẹ wá tọrọ ọmọ wa, ẹbí ní ká lọ wádìí ilé yín. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ lọ."

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní wárápá. Ká ní wọ́n wádìí ni, wọn kì bá tí fún mi ní ìyàwó. Ó mọ̀, kò sì fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà sílé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi láti gé àjà tiwa, tó jẹ́ pákó lásán. Ìyàwó mi béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní ọ́fíìsì ló fẹ́ rí i. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ ná, pé ilé aránṣọ kọ́ ni wọ́n ti ń gé nǹkan wọ́gọwọ̀gọ. Ó gun àpótí náà, ó na tépù rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rin. Ó wá di àpótí mú fún mi, mo gé e.

Ègé pákó yẹn ni mo dì, tí mo kọ orúkọ ilé Ring Road sí lára. Mo sọ fún ẹnjiníà pé mo ti bá a mú tibẹ̀. Iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èsì dé láti Èkó pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ilé ìfowópamọ́ náà wọlé. Àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ àjà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí wọ́n lè fa wáyà tuntun, ó tó oṣù kan. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi funfun. Ó máa ń gbọn aṣọ àwọn oníbàárà kó tó lọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ sọ òun di oníyẹ̀fun. Mo ní kó tilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní aṣọ Kérésì ń dúró. Ó wá wò mí, ó ní, "Àbí nǹkan wà níbẹ̀ ni, Bàbá wọn?"

Mo ní rárá, eruku lásán ni.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì ni ikọ́ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀. Dókítà béèrè níwájú mi bóyá ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí eruku wà rí. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní aránṣọ ni, eruku aṣọ nìkan ló mọ̀. Dókítà ní irú àìsàn yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, pé òun ò lè sọ ohun tó fà á. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àjà yẹn ló pa á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò jẹ́ kó mọ̀. Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Níbi àdúrà ìrántí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún. Ó pe ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo gbìyànjú. Mo ní kó wá ṣọ́ọ̀bù sí Àgbowó, kó lè rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣọ fún. Ó ní ṣé n kò fẹ́ kí òun jókòó síbi tí màmá òun jókòó sí ni. Mo lọ sí ọ́fíìsì mi àtijọ́, mo ní kí wọ́n tún ilé náà yẹ̀ wò. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbé fáìlì jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì nàka sí ìbuwọ́lùwé mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó tú gèlè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ̀n ọ́n. Ohun funfun dà sílẹ̀. Ó ní òjò tó rọ̀ ti ń mú kí àjà ibẹ̀ máa wó díẹ̀díẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí ihò ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní òun á pe káfíńtà kó dí i. Ó béèrè ẹni tó gé e. Mo ní eku ni. Ó wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eku yìí mọ tépù lò o, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún un, n kò sì tíì sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì parọ́ fún un. N kò rò pé ọmọ lè dárí ìyẹn jì bàbá rẹ̀. N kò sì ní kó dárí jì mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ojú ewé yìí nínú ìwé ìròyìn ni ọmọ mi kọ́kọ́ máa ń ṣí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń kà á sókè fún mi, nítorí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá tẹ èyí, n óò jókòó sórí àga mi, n óò máa gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dé ibi ihò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà, kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.