Fóònù Tó Kì Mí

Mo ń ti ọjà Akẹ̀sán gbé ata lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo gbọ́ obìnrin kan nínú ọkọ̀, tó ń sọ fún bàbá oníláwàní tó jókòó tì í pé òun kúnlẹ̀ fún fóònù.

"Látìgbà tí ìyá mi ti kú, bàbá, kò sẹ́ni tó kì mí mọ́. Ọmọ mi wá ní kí fóònù kì mí. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi."

"Ṣé fóònù mọ ìyá rẹ ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ló kọ oríkì ilé wa sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí mi wú, bàbá. Bí kò bá sẹ́nì kankan níbẹ̀, ta ló kì mí?"

"Pa á rẹ́, kó má baà dà ọ́ lọ́kàn rú."

"Tí mo bá pa á rẹ́, ta ni yóò máa kì mí láàárọ̀?"

Bàbá yíjú sí fóònù náà. Ó ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Obìnrin náà tẹ fóònù. Ohùn obìnrin kan sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti inú rẹ̀ pé, "Àjọkẹ́."

"Ẹ ṣeun, mà," ni obìnrin náà dáhùn.

Ẹ̀rín kì í wọ́n mi. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá fi rẹ́rìn-ín nínú wọn.