Iye Tí N Kò Wọ̀n Nígbà Ọyẹ́

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Adó-Èkìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà mí dé òpin. Ó ti lé lógójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìbéèrè tí ẹni tí mo ṣẹ̀ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé yìí.

Kí ọdún 1980 tó dé, mo ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ajíbádé, ará Ìgèdè, ni oníṣẹ́ iná wa. Òun ló so wáyà ilé ìdáná. Èmi ló ń wọn wáyà ilẹ̀, tí mo ń ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí iná bá jò sára irin, ó yẹ kí ó gba wáyà ilẹ̀ wọ inú erùpẹ̀, kí ó padà sí tiransifọ́mà. Bí ọ̀nà yẹn bá ṣí, iná púpọ̀ á gbà á, fíúsì á sì já kíá. Bí ó bá há, fíúsì kò ní já. Àwọn kan rò pé fíúsì nìkan ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fólítì 240 ni iná wa. Ní oṣù Keje, tí òjò ti rin ilẹ̀, ìdènà ọ̀nà náà jẹ́ óòmù mẹ́rin. Ẹ pín 240 sí mẹ́rin: áńpù ọgọ́ta ni iná tí yóò gbà á. Fíúsì áńpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè gba ìyẹn mọ́ra.

Ṣùgbọ́n àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ọ̀pá irin tí a so wáyà ilẹ̀ mọ́, tí a rì, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ tó fi kàn án. Bí ọyẹ́ bá gbẹ ìwọ̀nba erùpẹ̀ yẹn, ọ̀nà iná á há. Nítorí náà ni èmi fúnra mi ṣe ṣòfin pé a ó máa wọ̀n ọ́n nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́.

Ní Disẹ́ḿbà, mo ń máàkì ìwé ìdánwò nígbà tí Ajíbádé wọlé.

"Tíṣà, ọyẹ́ ti mú o. Ètè ẹ̀yin gan-an ti là. Ẹ wá wọn ilẹ̀ yìí."

"Ajíbádé, ilẹ̀ tí mo wọ̀n ní oṣù Keje dà? Àbí ó ti lọ sí Ìjan?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. N kò dìde. Mo kọ óòmù mẹ́rin sínú ìwé, mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i, mo sì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kìíní, Màmá Dúpẹ́ tó ń se oúnjẹ di ìkòkò iná tí a fi ń se omi tíì mú. Ìkòkò náà ti gbó, iná ti jò sára rẹ̀. Fíúsì kò já. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn títí ẹnì kan fi sáré pa iná. Kò kú, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì kò ṣeé ká mọ́ títí ó fi dolóògbé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Nírọ̀lẹ́, mo dá lọ wọn ilẹ̀. Óòmù mẹ́rìnlélógún! Áńpù mẹ́wàá péré. Fíúsì yẹn lè gbé mẹ́wàá láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ṣí ìwé mi, wọ́n rí óòmù mẹ́rin. Alága ní, "Wáyà ilẹ̀ dára. Ẹni tó so ìyókù ló jẹ̀bi." Mo kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ajíbádé náà gbà pé mo ti lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lé e. Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ iná fún un ní Adó. Ó padà sóko ní Ìgèdè.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù nìyí. Nítorí ẹ̀bẹ̀ yẹn, ọdọọdún ló ń gbé iṣu tuntun wá fún mi. Mo ń gbà á. Mo ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó ní pálọ̀ mi. "Tíṣà," ó ní, "gbogbo wáyà yẹn ni mo ti tú palẹ̀ lọ́kàn mi, tí mo tún un so. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ sọ fún mi kí n tó kú."

Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ kejì nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún un, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ṣé èmi àti òun nìkan ni, àbí kí n jẹ́wọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n dàgbà mọ bàbá wọn sí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ajíbádé ti darúgbó, ó sì ń wá àṣìṣe tí kò ṣe.